Oríkì Tí Kòkòrò Onígbáméjì Ń Gbé Kiri

Nígbà tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pé àyẹ̀wò ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀: Vibrio cholerae, ẹ̀yà O-1. Ìkéde náà kò tíì tutù tí àwọn èèyàn ti ń béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè nígbà gbogbo. Níbo ló ti wá? Ṣé inú omi wa ló ń gbé tẹ́lẹ̀ ni, àbí ẹnì kan ló gbé e wọ̀lú?

"O-1" kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí àlejò dé, tí wọ́n ní Yorùbá ni. Ó dáa, Yorùbá ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, àbí ọmọ Kétu? Agbo ilé wo ló ti jáde? Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo onígbáméjì tó ti ń jà káàkiri ayé láti ọdún 1961 ló jẹ́ O-1, nítorí náà ẹni tó bá sọ O-1 kò tíì sọ ìdílé. Kí a tó lè mọ ìdílé, wọ́n ní láti ka jínóòmù kòkòrò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, kí wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn kòkòrò tí wọ́n ti kà láti ìlú mìíràn àti ọdún mìíràn.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ, nítorí mo rí i pé ó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Àwọn kan rò pé irú àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá èèyàn ní àrùn ni. Àwọn mìíràn rò pé tí wọ́n bá ti ka jínóòmù, orúkọ ẹni tó kó àrùn wá á kàn yọ lójú ẹ̀rọ. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì.

Àwọn baba wa tó sọ àrùn yìí ní onígbáméjì mọ ohun tí ojú wọn rí: igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́, nítorí aláìsàn kì í ráyè dìde láàárín méjèèjì. Omi ara ló ń tán. Àgbàlagbà tó le koko láàárọ̀ lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú bí kò bá rí omi oníyọ̀ oníṣúgà mu, tàbí kí wọ́n fa omi sí i lára. Ẹni tó bá sì rí i gbà kíákíá, ó ṣọ̀wọ́n kó kú. Kòkòrò tó ń fà á, ojú lásán kò lè rí i. Ìgbẹ́ aláìsàn ló ń bá jáde, omi tàbí oúnjẹ ló sì ń gbà dé ẹnu ẹlòmíràn.

Gbogbo ohun tí kòkòrò náà nílò láti jẹun, láti pín sí méjì, láti lẹ̀ mọ́ ìfun èèyàn, ló wà ní kíkọ sórí okùn tín-ín-rín kan tí à ń pè ní DNA. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́: A, C, G àti T. Àpapọ̀ ìwé náà là ń pè ní jínóòmù. Ti èèyàn lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà. Ti kòkòrò onígbáméjì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin, tó pín sórí òrùka DNA méjì, ńlá kan àti kékeré kan. Ọdún 2000 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ́kọ́ ka odindi rẹ̀ tán, láti ara kòkòrò kan tí wọ́n gbà lára aláìsàn ní Bangladesh ní àwọn ọdún 1970. Títí di òní, ẹ̀dà yẹn ni ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò fi ń ṣe òdiwọ̀n: wọ́n á gbé èyí tuntun tì í, wọ́n á wo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀.

Kí ni yóò mú kí wọ́n yàtọ̀? Kí kòkòrò kan tó di méjì, ó gbọ́dọ̀ da gbogbo mílíọ̀nù mẹ́rin lẹ́tà yẹn kọ, kí ọmọ lè ní tirẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n kọ gan-an ni. Àmọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, A á bọ́ sí ibi tó yẹ kí G wà. Tí àṣìkọ náà kò bá pa á, gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló máa jogún rẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbọ́ oríkì ìdílé rí yóò ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ká ní agbo ilé kan wà tí oríkì kan náà ni wọ́n fi ń kì gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú àwọn baba ńlá wọn wá ṣe gudugudu méje lójú ogun, ni wọ́n bá fi ìlà kan kún oríkì tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi ìlà yẹn kì; àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní in. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ tẹ̀dó sí ìlú mìíràn, ìlà mìíràn tún wọ tirẹ̀. Bí o bá wá pàdé àjèjì méjì lónìí, tí ọ̀kan ní ìlà àkọ́kọ́ nìkan, tí èkejì ní méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ kí o tó mọ̀ pé baba kan náà ló bí wọn, wàá sì mọ ibi tí ọ̀nà wọn ti yà. Ohun tí àwọn tó ń ka jínóòmù ń ṣe gan-an nìyẹn. Àṣìkọ ni ìlà oríkì tiwọn. Àwọn kòkòrò tó bá ní àṣìkọ kan náà ní ojú kan náà, baba kan ni wọ́n jọ ní. Kọ̀ǹpútà á to irú ìlà bẹ́ẹ̀ jọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, á sì fi ya igi ìdílé.

Ibì kan wà tí àfiwé yìí kò ti bára mu, ibẹ̀ sì ṣe pàtàkì. Ìlà oríkì ń sọ ohun tí baba ṣe. Àṣìkọ inú jínóòmù kì í sábà sọ nǹkan kan. Púpọ̀ nínú wọn kò ṣe kòkòrò náà lóore, kò sì ṣe é níbi. Ìdí gan-an tí wọ́n fi wúlò fún wa nìyẹn. Àyípadà tó bá ń ṣe kòkòrò lóore lè ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé méjì tí kò mọ ara wọn rí, bí ẹni méjì ṣe lè ra fìlà kan náà lọ́jà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. A kì í fi fìlà dá ẹbí mọ̀. Àmọ́ àṣìkọ tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, tó bọ́ sí ojú kan ṣoṣo láàárín mílíọ̀nù mẹ́rin, ó ṣòro kó ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tí a bá rí i lára kòkòrò méjì, wọ́n jogún rẹ̀ ni.

Ní ọdún 2011, ikọ̀ kan tí àwọn onímọ̀ Wellcome Sanger Institute ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú ka jínóòmù kòkòrò onígbáméjì 154 tí wọ́n kó jọ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Wọ́n rí i pé àṣìkọ wọ̀nyí ń wọlé bí ẹni ń ka oṣù: ó lé díẹ̀ ní mẹ́ta lọ́dún kan, 3.3 ní ìṣirò wọn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ wò. Tí kòkòrò méjì bá pínyà lọ́dọ̀ baba wọn ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti kó nǹkan bí 33 jọ, ìyàtọ̀ àárín wọn á sì tó 66. Tí a bá wá rí méjì tí lẹ́tà kan tàbí méjì péré yà wọ́n, a jẹ́ pé kò tíì ju oṣù mélòó kan lọ tí wọ́n pínyà. Báyìí ni igi ìdílé ṣe di kàlẹ́ńdà. Wọ́n kà á padà sẹ́yìn, wọ́n sì rí i pé gbogbo àwọn kòkòrò tó ń jà káàkiri ayé láti 1961 ló ti ara baba kan ṣoṣo wá, baba tó gbé ayé ní àwọn ọdún 1950, àti pé ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìran rẹ̀ ti tú jáde bí ìgbì láti agbègbè etí òkun Bengal, níbi tí Íńdíà àti Bangladesh ti fara kanra.

Orúkọ ìran náà ni El Tor. Ibùdó kan ní etí òkun Sínáì, ilẹ̀ Íjíbítì, ló ti gba orúkọ náà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yà àwọn arìnrìn-àjò tó ń bọ̀ láti Mẹ́kà sọ́tọ̀ láti yẹ ara wọn wò, tí wọ́n sì rí kòkòrò yìí lára wọn ní ọdún 1905. Ó dùn mí díẹ̀ pé orúkọ ibùdó kékeré kan tó ń dáàbò bo èèyàn ló wá di orúkọ àrùn.

Háítì ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà àti igi ìdílé yìí ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní ọdún 2010, ìmìtìtì ilẹ̀ wó olú-ìlú Háítì palẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ lẹ́bàá odò Artibonite, ní orílẹ̀-èdè tí kò sí àkọsílẹ̀ onígbáméjì kankan níbẹ̀ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ìlú Mirebalais kò dúró de onímọ̀ kankan. Àgọ́ àwọn ọmọ ogun apẹ̀tùsááwọ̀ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni wọ́n nawọ́ sí. Láti Nepal ni àwọn ọmọ ogun náà ti dé, ìdọ̀tí àgọ́ wọn sì ń ṣàn wọ odò tó ń lọ pàdé Artibonite. Àjọ náà sẹ́. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ sọ pé ó lè jẹ́ pé inú omi Háítì fúnra rẹ̀ ni kòkòrò náà ti ń sùn, tí ooru àti ìmìtìtì ilẹ̀ wá jí i.

Ẹ wo bí jínóòmù ṣe dá sí àríyànjiyàn yìí. Tó bá jẹ́ pé ó ti sùn sínú omi Háítì fún ọgọ́rùn-ún ọdún ni, oríkì rẹ̀ á ti jìnnà sí ti gbogbo ayé. Tó bá jẹ́ pé láti Gúúsù Amẹ́ríkà tó wà nítòsí ló ti wá, á jọ èyí tó jà níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Kò rí bí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹbí rẹ̀ wà ní Gúúsù Éṣíà. Nígbà tí wọ́n sì ka kòkòrò 24 tí wọ́n gbà lára àwọn aláìsàn ní Nepal ní ọdún 2010 náà, tí wọ́n gbé e ti ti Háítì ní ọdún 2011, àwọn kan wà tí lẹ́tà kan tàbí méjì péré yà wọ́n. Nínú mílíọ̀nù mẹ́rin! Ẹ rántí kàlẹ́ńdà tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan: oṣù mélòó kan ni.

Síbẹ̀, jínóòmù nìkan kọ́ ló dá ẹjọ́ yẹn, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Ohun tí jínóòmù sọ ni pé ẹbí tímọ́tímọ́ ni wọ́n. Kò lè sọ ẹni tó gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú, kò lè sọ ojú odò tó ti bọ́ sómi. Oníṣègùn ará Faransé kan, Renaud Piarroux, ló fẹsẹ̀ rìn kiri àwọn abúlé pẹ̀lú àwọn ará Háítì, tí wọ́n kọ ọjọ́ àti ibi tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan ti kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sílẹ̀, títí tí ọ̀nà fi tọ́ wọn dé ẹnu àgọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí méjì ló pàdé. Ká ní jínóòmù nìkan la ní, ẹnì kan ì bá béèrè, ó sì máa tọ́ bẹ́ẹ̀, pé bóyá orílẹ̀-èdè mìíràn wà tí kòkòrò rẹ̀ tún sún mọ́ ti Háítì jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà á. Igi ìdílé kò lè fi ẹni tí wọn kò pè wá síbi ìpàdé hàn.

Nǹkan bí 800,000 èèyàn ló ṣàìsàn ní Háítì, nǹkan bí 10,000 ló sì kú. Oṣù kejìlá ọdún 2016 ni Ban Ki-moon, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará Háítì. Mi ò rò pé ọjọ́ náà ì bá dé láé ká ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò ju ìka tí àwọn ará abúlé nà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Nílé wa ńkọ́? Onígbáméjì ìran El Tor kò dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rí títí di ọdún 1970. Gíníì ló ti kọ́kọ́ wọlé ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ọdún náà kò sì tíì parí tó fi dé Èkó. Láti ìgbà náà ni kò ti fi wá lọ́rùn sílẹ̀. Ní 1991 nìkan, ó pa èèyàn tó lé ní 7,000 ní Nàìjíríà. Ní 2021, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Nàìjíríà ka àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n ní in ní 111,062, tí 3,604 nínú wọn sì kú.

Nítorí pé ó ń padà wá ní gbogbo ìgbà, ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn onímọ̀, gbà pé ó ti di onílẹ̀: pé inú ọ̀sà àti adágún wa ló fi ṣe ilé, tí òjò bá ti dé á jí dìde. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ láti Institut Pasteur ní Paris, Sanger, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn káàkiri Áfíríkà gbé iṣẹ́ kan jáde tó yí èrò yẹn padà. Wọ́n ka jínóòmù tó lé ní 1,000, láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà 45, láàárín ọdún 49. Tó bá jẹ́ pé inú omi wa ni wọ́n ti ń jáde, ìdílé kan ni à bá rí, tó ti ta gbòǹgbò sílẹ̀ láti 1970, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì wà níbí nìkan. Wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni àlejò tó dé ó kéré tán lẹ́ẹ̀mọ́kànlá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí orísun gbogbo wọn wà ní Éṣíà. Àwọn kan gba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọlé, àwọn kan gba ìhà ìlà-oòrùn àti gúúsù. Ìdílé kọ̀ọ̀kan á jà fún ọ̀pọ̀ ọdún láti ìlú dé ìlú, á sì wá pòórá, tí òmíràn á fi rọ́pò rẹ̀.

Ìròyìn yìí wọ̀ mí lára nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó sì yẹ kó wọ ẹnikẹ́ni tó ń gbé etí ọ̀sà lára. Tí àrùn bá jẹ́ ti omi, kí la lè ṣe ju ká máa dúró dè é lọ? Ta ló lè fọ ọ̀sà? Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìfun èèyàn ló fi ń rìnrìn-àjò, láti ṣáláńgá sí kàǹga, láti kàǹga sí ẹnu, a mọ ibi tí a ti lè gé ọ̀nà rẹ̀. Kì í ṣe pé ká wá máa lé àlejò o. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé kòkòrò yìí kiri ni kò ṣàìsàn rárá, wọn kò sì mọ̀ pé àwọn gbé nǹkan kan. Odidi ọmọ ogun ni Háítì gbà lálejò, síbẹ̀ paìpù ìdọ̀tí ló dá wàhálà sílẹ̀.

Irú ìyàlẹ́nu bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú ti Peru. Nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà ní 1991, àwọn kan gbà pé ìgbì òkun tó móoru ló kó o wá sí èbúté. Jínóòmù fi hàn pé àwọn ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ wà ní Áfíríkà.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀dọ̀ baba nìkan ni kòkòrò ti ń jogún. Kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ sì le díẹ̀ níhìn-ín, torí náà ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ. Èèyàn kò lè gba àbùdá lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀. Bakitéríà lè gbà á. Májèlé tó ń fa omi jáde lára aláìsàn onígbáméjì, tí kò bá sí òun kò sí igbá méjì, kì í ṣe ohun ìní kòkòrò náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kan tó ń wọ inú bakitéríà ló gbé ìtọ́ni májèlé yẹn wọ inú jínóòmù rẹ̀. Matthew Waldor àti John Mekalanos ló fi èyí hàn ní Amẹ́ríkà ní 1996. Ọ̀pọ̀ ìbátan kòkòrò yìí ló wà nínú omi tí kò ní fáírọ́ọ̀sì náà nínú, wọn kì í sì í dá àjàkálẹ̀ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe gba agbára láti fara da oògùn. Ẹ̀là DNA kan wà tí wọ́n ń pè ní SXT, tó ń fò láti ara bakitéríà kan sí ara òmíràn, tó sì ru ìtọ́ni bí a ṣe ń borí oríṣiríṣi oògùn apakòkòrò lẹ́ẹ̀kan náà. Kíkó irú ẹ̀là bẹ́ẹ̀ mọ́ oríkì á da ìdílé rú, bí ẹni tó kọ́ oríkì ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá ń fi kì ara rẹ̀. Nítorí náà, àwọn tó ń ya igi ìdílé máa ń yọ gbogbo ibi tí wọ́n mọ̀ pé ó jẹ́ àyálò kúrò lákọ̀ọ́kọ́. Tí igi bá dúró tán, wọ́n á wá dá wọn padà sórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan láti mọ ìgbà tí ìdílé wo gba kí ni. Ọ̀nà yìí ni iṣẹ́ 2017 yẹn fi rí i pé àwọn àlejò tó ń dé Áfíríkà láìpẹ́ yìí ti gbé agbára ìfaradà oògùn lọ́wọ́ láti Éṣíà kí wọ́n tó wọlé.

Mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé kòkòrò ti "gbọ́n" sí oògùn. Kò gbọ́n. Kò mọ̀ pé oògùn wà. Ẹ wo asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì: asẹ́ kò kọ́ èèrí pé kó dúró sókè, èyí tó bá lè kọjá ló kọjá. Nígbà tí oògùn bá wọ ìfun, kòkòrò tó bá lè kú á kú, ìwọ̀nba tó ní àyípadà tàbí àyálò tó gbà á là á ṣẹ́kù, àwọn ló sì máa bímọ. Gbogbo ìgbà tí a bá ra oògùn apakòkòrò ní kẹ́mísì nítorí inú rírun lásán, asẹ́ la tún gbé síta. Ó ṣe wá lóore pé omi oníyọ̀ oníṣúgà ni olórí ìtọ́jú onígbáméjì, kòkòrò kankan kò sì lè kọ́ bí a ṣe ń fara da omi àti iyọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Háítì lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi ìdáhùn kan bo gbogbo ibi. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí wọn kò fi rí aláìsàn onígbáméjì kan tí àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá 2022, ó tún yọjú ní olú-ìlú. Ó rọrùn láti sọ pé àlejò mìíràn ló tún gbé e dé. Wọ́n ka jínóòmù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan: ọmọ-ọmọ ti 2010 ni. Kò lọ síbì kankan. Bóyá ara àwọn tí kò ṣàìsàn ló ti ń rá pálá, bóyá inú omi, lẹ́tà yẹn kò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fẹ́ fi gbogbo owó rẹ̀ ṣọ́ ibodè lọ́dún náà ì bá ti ṣọ́ ibi tí olè kò gbà.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le láti ṣàpèjúwe. Wọ́n á gba ìgbẹ́ aláìsàn díẹ̀, wọ́n á gbin ín sórí àwo kan tó ní oúnjẹ kòkòrò aláwọ̀ ewé, níbi tí ti onígbáméjì ti máa hù ní àwọ̀ ìyeyè. Wọ́n á yọ DNA rẹ̀, wọ́n á gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ẹ̀rọ á ka ègé kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á sì tún wọn tò. Nígbà kan, ẹ̀rọ tó lè ṣe é tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù, owó rẹ̀ kò sì ṣeé fẹnu sọ. Lónìí, èyí tí èèyàn lè gbé sí àtẹ́lẹwọ́ wà. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ka jínóòmù àwọn bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́. Ní Ẹdẹ, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ibùdó ìwádìí jínóòmù àwọn àrùn tó ń ràn, ACEGID, tó wà ní Yunifásítì Redeemer's, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ṣáájú, ló ka jínóòmù kòrónà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà ní oṣù kẹta ọdún 2020. Kì í ṣe dandan mọ́ pé kí kòkòrò tó mú aláìsàn ní Ọ̀ṣun kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Yúróòpù kí a tó mọ ẹbí rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ kì í ṣe ojú ẹ̀rọ. Ìgò kékeré tí wọ́n gba ìgbẹ́ sí ni. Tí nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ kò bá ráyè kọ ọjọ́ àti ìlú tí aláìsàn ti wá sára ìgò náà, oríkì tí kò ní olóhun ni ẹ̀rọ máa kà jáde, mílíọ̀nù mẹ́rin lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó máa gbé e sí lórí igi.

Ní ọdún 1849, onígbáméjì pa ọkùnrin kan ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà. Oníṣègùn kan gé díẹ̀ nínú ìfun rẹ̀, ó rì í sínú ọtí líle nínú ìgò, ó sì kọ ohun tó jẹ́ sílẹ̀. Lásìkò yẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ ohun tó ń jẹ́ DNA. Ìgò náà wà lórí pẹpẹ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé títí di ọ̀rúndún tiwa, nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣí i. Ní 2014, wọ́n sọ ìdílé kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ayé, pé ìran àtijọ́ ni, kì í ṣe El Tor. Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n mọ ọdún tí ọkùnrin náà kú, wọ́n mọ ìlú tó kú sí, wọ́n sì mọ ohun tó pa á.